Orúkọ Kan Láti Inú Ọkọ̀

 

Ẹ ó rántí pé tí Ìyá bá ń júbà nílé wa níbí ní Atlanta, ó níbi tó máa ń dé tí ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀: "Ìbà ẹ̀yin tí ọkọ̀ gbé lọ, tí a ò mọ orúkọ yín." Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí a ti ṣe Ọ̀ṣun tán, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Orúkọ gbogbo wọn ò lè sọ nù tán. Lọ wá ọ̀kan wá fún mi." Bí mo ṣe wakọ̀ lọ sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, nìyẹn. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni, òjò sì bá mi lọ́nà.

Ọkọ̀ Clotilda ni mo torí ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "ọkọ̀ ẹrú", ẹ lè rò pé ọkọ̀ gìrìwò kan ni. Rárá o. Ọkọ̀ onígbòkun olópòó méjì ni, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 86, ìbú rẹ̀ 23. Mo fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n níbi tí mo gbé mọ́tò sí: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní gígùn, mẹ́jọ ní ìbú. Àgbàlá tí a ti ń ṣọdún fẹ̀ jù ú lọ. Èèyàn 110 ni wọ́n kó sínú rẹ̀ ní Ouidah lọ́dún 1860, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà.

Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Timothy Meaher, olówó kan ní Mobile, fọ́nnu pé òun á kó wọn wọlé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi òun ṣe. Ó rán William Foster, ẹni tó kan ọkọ̀ náà, pẹ̀lú wúrà 9,000 dọ́là. Ọmọ ogun Dahomey ló ti kó àwọn èèyàn ọ̀hún lẹ́rú. Èdè wa sì ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ. (Aláwọ̀ dúdú ló tà, òyìnbó ló rà. Ẹ má fi ìyẹn pa mọ́ fún àwọn ọmọ.) Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ lóṣù July, wọ́n kó àwọn èèyàn pamọ́ sínú igbó etídò, Foster sì dáná sun ọkọ̀ kí ẹ̀rí má bàa sí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí i nínú ẹrẹ̀ odò Mobile.

Díẹ̀ nínú pákó rẹ̀ wà ní Africatown Heritage House, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 2023. Inú omi ni wọ́n fi í sí, torí tó bá gbẹ, á bàjẹ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí pẹ́ jù. Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, ti sọ fún Zora Neale Hurston pé ọjọ́ mẹ́tàlá làwọn fi wà nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó mú àwọn gòkè, pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń fún àwọn lómi, omi náà ò tó nǹkan, ó sì kan. Igi ọkọ̀ ló wá ń mumi yó báyìí. Inú bí mi, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n bá ṣiṣẹ́, wọ́n tujọ, wọ́n sì fowó ara wọn ra ilẹ̀ tó di Africatown. Ibẹ̀ ni Kossola kú sí ní 1935. Matilda McCrear, tó jẹ́ ọmọ kékeré nínú ọkọ̀ náà, gbé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1940.

Mo mú ìwé Hurston, *Barracoon*, dání lọ. Orúkọ méjì méjì ni Kossola àti Abile ìyàwó rẹ̀ sọ àwọn ọmọ wọn: ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Aleck ni àkọ́bí. Ti ilé ńkọ́? Hurston kọ ọ́ sí "Yah-Jimmy". Àwọn mìíràn kọ ọ́ sí "Iyadjemi". Mo ti ka ojú ewé yẹn rí, mo fojú fò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó yẹn ni mo là á lẹ́nu, tí etí mi sì gbọ́ ọ: Ìyàjẹmí.

Ìyà jẹ mí! Orúkọ tó fi sọ àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn.

Mo gbé omi tútù lọ sétí odò. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Onítẹ̀bọmi ni Kossola dà nílùú yẹn, òun ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ta ló rán mi pé kí n wá ta omi sílẹ̀ fún un? Bàbá àgbà kan tó ń pẹja níbẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ orúkọ náà fún un, mo sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní kí n tún un pè. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ohùn rẹ̀ ò bọ́ sí i. Mo tún un ṣe, ó tún pè é, bẹ́ẹ̀ títí ó fi bọ́ sí i. Ó wá ní, "Ta omi rẹ, ọmọ mi." Ó ká okùn ìpẹja rẹ̀ kúrò lójú omi títí mo fi ṣe tán.

Mo jábọ̀ fún Ìyá lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Ó ní a ò ní pè wọ́n bí egúngún ilé wa, torí wọ́n ní ọmọ àti ọmọ ọmọ tó ń rántí wọn. Kíkí la ó máa kí wọn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé ìwé ìbà wa wá, kí n kọ Ìyàjẹmí sí i, kí n fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí má pè é ní Jimmy.