Ohun tí Àwọ̀ Dúdú Ń Bò Mọ́lẹ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Títọ́ Bíà Dúdú Líle Wò

Bíà dúdú líle ni bíà tí wọ́n fi ọkà yíyan pọn, tó dúdú débi pé ìmọ́lẹ̀ kì í la inú ife rẹ̀ kọjá, tí agbára ọtí inú rẹ̀ sì ju ti bíà ojoojúmọ́ lọ. Láágà lásán sábà máa ń ní ọtí tó tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Imperial stout, tó le jù nínú ìdílé yìí, a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá 8, á sì lọ dé 12. Àwọ̀ àti agbára méjèèjì ló sọ títọ́ ọ wò di iṣẹ́ tí èèyàn ń kọ́. Àléébù inú láágà kò ríbi sá sí. Nínú bíà dúdú, ọkà yíyan lè bo òórùn burúkú, adùn lè bo kíkan, agbára ọtí sì lè bo gbogbo rẹ̀ pátá. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì gba àwọn èèyàn ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, pẹ̀lú bíà tí wọ́n ń pè ní porter. Àwọn alárù èbúté àti ọjà ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́. Mọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n rẹ sómi títí tó fi hù, tí wọ́n wá fi iná igi yan títí tó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èéfín igi náà a máa wọ inú ọkà lọ. Bíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn kì í bá ẹnu mu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá onígi fún ọ̀pọ̀ oṣù kí èéfín náà lè rọlẹ̀. Níbẹ̀ ni ìwúkàrà mìíràn tó ń gbé inú igi àgbá yóò ti máa bá a ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, bíà náà á kan díẹ̀, á sì máa rùn bí awọ. Bí ọjà ṣe ń gbòòrò ni àgbá ń tóbi. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1814, àgbá kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 22 bẹ́ ní ilé ìpọntí Meux, lẹ́bàá Tottenham Court Road. Bíà tó ya jáde wó ilé lulẹ̀, ó sì pa èèyàn 8.

Lásìkò yẹn, ẹnu apọntí fúnra rẹ̀ àti ẹnu oníbàárà nìkan ni adájọ́. Irinṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ yí nǹkan padà: òṣùwọ̀n onígíláàsì tàbí onídẹ tó máa ń léfòó nínú omi mọ́ọ̀tì, tó ń fi bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. John Richardson tẹ ìwé jáde lórí bí apọntí ṣe lè lò ó ní 1784. Ohun tó fi hàn dun apọntí. Mọ́ọ̀tì pupa tí wọ́n ti ń rà láti ìgbà pípẹ́ kì í mú ṣúgà wá tó mọ́ọ̀tì funfun, bẹ́ẹ̀ iye owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Wọ́n bá yà sídìí mọ́ọ̀tì funfun, ni porter bá ń funfun, ni oníbàárà bá ń kùn. Kí àwọ̀ lè padà, àwọn kan ń da ṣúgà jíjó sí i. Àwọn mìíràn bu nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ: èso olóró tí wọ́n ń pè ní cocculus indicus, tó máa ń mú kí orí ẹni tó bá mu ún pòòyì bíi pé ọtí náà le. Frederick Accum, onímọ̀ kẹ́míkà, tú àṣírí wọn nínú ìwé tó kọ lórí àbùlà oúnjẹ ní 1820. Àwọ̀ dúdú ni ọ̀dàràn ń sá sí nígbà náà, kò sì sí ẹnu tó lè dá a mọ̀.

Ní 1816, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á léèwọ̀ láti fi ohunkóhun pọn bíà yàtọ̀ sí mọ́ọ̀tì àti hops, ìyẹn òdòdó kíkorò tó ń dín adùn mọ́ọ̀tì kù. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Daniel Wheeler gba ìwé àṣẹ lórí àgbá irin kan tí ń yí lórí iná, irú èyí tí wọ́n fi ń yan kọfí, tó lè yan mọ́ọ̀tì títí yóò fi dúdú láìsọ ọ́ di eérú. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ nínú mọ́ọ̀tì dúdú yìí tó láti pa odidi ìpọntí mọ́ọ̀tì funfun láró. Kò sí ọdún tó ṣe pàtàkì fún atọ́ọtíwò ju 1817 yẹn lọ. Láti ìgbà náà, èéfín igi kúrò, ọkà yíyan sì gba ipò rẹ̀. Gbogbo kọfí àti ṣokoléètì tí àwọn adájọ́ ń kọ sórí ìwé lónìí, inú àgbá Wheeler ni wọ́n ti jáde.

Porter tó bá le jù ni wọ́n ń pè ní stout. Èyí tó le jùlọ ni ilé ìpọntí Anchor ní Southwark ń kó gba orí òkun Báltíìkì lọ sí ààfin Ọbabìnrin Catherine Kejì ní Rọ́ṣíà. Ìdílé Thrale ló ni ilé ìpọntí náà kó tó bọ́ sọ́wọ́ Barclay Perkins ní 1781. Ní Dublin, Arthur Guinness ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ilẹ̀ St James's Gate ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1759, fún ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún, ní pọ́ùn 45 lọ́dún. Ní 1801, àwọn ará ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn porter kan tó le, tí hops inú rẹ̀ pọ̀, fún àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Òun ni baba ńlá Foreign Extra Stout. Nígbà tó di 1827, Guinness ti gúnlẹ̀ sí Sàró.

Ilé iṣẹ́ Guinness yìí kan náà ló gba William Sealy Gosset síṣẹ́ ní 1899. Ọ̀mọ̀wé ìṣirò ni, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé àpẹẹrẹ ọkà àti bíà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ̀ pé ìyàtọ̀ tí òun rí nínú nǹkan mélòó kan kì í ṣe kòńgẹ́ lásán? Èsì tó tẹ̀ jáde ní 1908, lábẹ́ orúkọ ìkọ̀kọ̀ Student, di ohun tí gbogbo ayé sáyẹ́ǹsì ń lò. Ní ilé ìpọntí Carlsberg ní Copenhagen, N. H. Claussen ti rí ìwúkàrà inú àgbá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1904, ó sì sọ ọ́ ní Brettanomyces. Òun ló ń fa òórùn awọ ayé àtijọ́. Carlsberg yìí náà ni ìdánwò onífe mẹ́ta ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n á gbé ife 3 síwájú atọ́ọtíwò. Bíà kan náà ló wà nínú méjì, òmíràn wà nínú ìkẹta, kó fa èyí tó yàtọ̀ yọ. Ẹni tó bá ń méfò yóò gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, nítorí náà wọ́n á tún un ṣe léraléra. Tí àwọ̀ bíà bá lè tú àṣírí, abẹ́ iná pupa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1979, Morten Meilgaard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ to orúkọ adùn àti òórùn bíà yí kẹ̀kẹ́ kan ká, kí ohun tí ẹnìkan pè ní bọ́tà má baà di nǹkan mìíràn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìmọ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bíà tí wọ́n ń tọ́ wò ń kú lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín ọkà tí apọntí lè lò kù, agbára bíà sì já wálẹ̀. Imperial stout ti Barclay Perkins, tó padà bọ́ sọ́wọ́ ilé ìpọntí Courage, fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan ṣẹ́ kù, wọ́n sì ṣíwọ́ pípọn òun náà ní 1993. Ìwé ló kọ́kọ́ gba irú ọtí yìí là. Ní 1977, oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Jackson, tí kì í ṣe olórin Amẹ́ríkà nì, tẹ The World Guide to Beer jáde, ó sì pín bíà ayé sí ẹ̀yà ẹ̀yà. Ìpín yìí ló jẹ́ kí ìdájọ́ òde òní ṣeé ṣe, nítorí ìbéèrè tó tọ́ ni bóyá bíà kan dára nínú ẹ̀yà tirẹ̀. Ní 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó fàyè gba àwọn ará Amẹ́ríkà láti pọn bíà nílé. Great American Beer Festival bẹ̀rẹ̀ ní Boulder ní 1982, wọ́n sì dá BJCP, ẹgbẹ́ tó ń dán adájọ́ wò tó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, sílẹ̀ ní 1985. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ilé ìpọntí Goose Island ti Chicago rọ imperial stout sínú àgbá tí wọ́n ti fi tọ́jú wisikí bourbon. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé àgbá tuntun ni kí wọ́n máa fi tọ́jú bourbon, nítorí náà àlòkù rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Fanílà, àgbọn àti igi jíjó wá kún ohun tí adájọ́ ní láti wọ̀n.

Ìwé máàkì BJCP jẹ́ 50: òórùn 12, ìrísí 3, adùn 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, àpapọ̀ 10. Máàkì 3 tí wọ́n fún ìrísí kò kéré rárá, nítorí ojú ló máa ń tan ahọ́n jẹ jù. Ife tí ẹnu rẹ̀ ká wọnú díẹ̀ ló dára, kí bíà má sì tutù nini. Ìwọ̀n 10 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ ẹ́. Adájọ́ kì í dúró kó tó gbóòórùn, torí pé òórùn mìíràn wà tí kì í pẹ́ lọ. Á fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo ẹnu ife, á mi ín rọra, á ṣí i, á fà á símú lẹ́ẹ̀kan ṣókí. Lẹ́yìn náà ni yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ife kó lè rí àwọ̀ pupa etí rẹ̀ àti bóyá ó mọ́. Ó ń gbé e mì, kì í tu ú dànù bíi ti àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò, nítorí kíkorò rẹ̀ tó ń dúró lọ́fun lẹ́yìn rẹ̀ wà lára ohun tó ń dá lẹ́jọ́. Ìdí sì nìyẹn tí bíà tó fúyẹ́ fi ń ṣáájú, tí èyí tó le jù fi ń kẹ́yìn, pẹ̀lú omi àti búrẹ́dì lásán láàárín wọn.

Kíkan ló ṣòroó dá mọ̀ jù. Ọkà dúdú fúnra rẹ̀ ní kíkan díẹ̀. Omi Lọ́ńdọ̀nù àti ti Dublin, tó ní ẹfun púpọ̀, ló ń pẹ̀tù sí i, tí porter fi ń dára níbẹ̀. Kíkan tó ti ara ọkà wá mọ́ lẹ́nu, kì í sì í kọjá ibi tó dé. Ti kòkòrò àìfojúrí a máa pọ̀ sí i bí ife ṣe ń móoru, á máa rùn bíi fínígà, ara bíà náà á sì tín-ín-rín. Bọ́tà a máa sá pamọ́ sẹ́yìn ṣúgà jíjó, ṣùgbọ́n ahọ́n máa ń mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ń yọ̀. Ọtí tó dára a máa mú àyà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó ń ta lọ́fun bí ohun tí wọ́n fi ń nu èékánná, inú ooru tó pọ̀ jù ni ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́. Ogbó tó bá mú òórùn èso àjàrà gbígbẹ wá, ẹ̀bùn ni. Tó bá mú òórùn ọbẹ̀ sóyà wá, òkú ìwúkàrà ló ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ kọ̀ọ̀kan a máa kọ tirẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí máàkì wọn bá sì fi ju 7 lọ jìnnà síra, wọ́n á tún ife náà gbé.

Ẹ̀yà tó ń fa àríyànjiyàn jù ni stout ilẹ̀ olóoru. Ní 2015, BJCP ya Tropical Stout sọ́tọ̀ kúrò lára Foreign Extra Stout. Àkọ́kọ́ dùn, òórùn èso ń ta sánsán lára rẹ̀, bíi Dragon ti Jàmáíkà àti Lion ti Sri Lanka. Èkejì gbẹ lẹ́nu, ó sì korò. Stout ti Ikeja ní Nàìjíríà, níbi tí Guinness kọ́ ilé ìpọntí sí ní 1962, kò bọ́ sínú ìkankan dáadáa. Èròjà adùn dúdú ń ti Dublin wá, ṣùgbọ́n ọkà ibí ni wọ́n ń fi pọn ín. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn mọ́ báálì òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ló gba iṣẹ́ náà. Ọkà bàbà kì í ní ẹ́ńsáìmù tó láti sọ gbogbo sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà, nítorí náà apọntí ní láti fi kún un. Bíà tó ti ibẹ̀ jáde, ní ìdá 7.5, ní ara àti adùn tirẹ̀, kò sì bójú mu kí ẹnikẹ́ni gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé kò rí bíi ti Dublin.

Ní ilé ọtí, inú yìnyín ni ọdẹ́kú, ìyẹn Guinness wa yìí, ti máa ń jáde, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹsúùpù ló sì ń jókòó sí. Òtútù ń pa òórùn, ata ń pa ahọ́n. Kíkorò nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ ní láti gbé e kúrò nínú fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí, kó dà á sínú ife tó mọ́, kó sì kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ṣúgà jíjó ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, èso pípọ́n á tẹ̀ lé e, kọfí á wá kẹ́yìn.