Ọ̀sẹ̀ Ni Kí Ẹ Kà, Kì í Ṣe Oṣù Nìkan

"A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ" ni àdúrà tí a máa ń gbà fún aboyún. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ìrọbí bá dé láìtọ́jọ́, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e: oyún náà pé ọ̀sẹ̀ mélòó?

Ọmọ tí a bá bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ tí kò pé ọjọ́. Bí ó bá ti rẹ ìyá jù, tàbí tí ọkàn ọmọ kò lù dáadáa mọ́, ohun èlò méjì ni wọ́n sábà fi ń gba ọmọ. Èkíní ni ẹ̀mú, irin méjì tí wọ́n fi ń di orí ọmọ mú. Èkejì ni ife kan tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ orí ọmọ. Tage Malmström, dókítà ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó sọ irú ife yìí di ìlúmọ̀ọ́ká ní àwọn ọdún 1950.

Ife náà wúlò púpọ̀ fún ọmọ tó pé ọjọ́. Ṣùgbọ́n eegun orí ọmọ tí kò pé ọjọ́ ṣì rọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀ sì gbẹgẹ́. Bí ife bá fà á, ẹ̀jẹ̀ lè dà sábẹ́ awọ orí tàbí sínú ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìbímọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kìlọ̀ pé kí a yàgò fún un kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, kí a sì ṣọ́ra gidigidi láti ọ̀sẹ̀ 32 sí 36.

Àwa sì rèé, oṣù ni à ń kà. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin rọbí láìtọ́jọ́, "oṣù méje àbọ̀" ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń wí fún gbogbo ẹni tó bèèrè. Agbára ti tán nínú aboyún, wọ́n sì ti gbé ife náà sílẹ̀. Àgbà nọ́ọ̀sì kan jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọ̀sẹ̀ ni mò ń bèèrè." Ó gba káàdì, ó wo ọjọ́ tó wà lórí sikáànù àkọ́kọ́, ó sì ṣírò rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 31. Ẹni tó bá fi oṣù méje àbọ̀ ṣírò yóò ní ó ti kọjá 32. Wọ́n gbé ife kúrò, wọ́n pe dókítà àgbà, ẹ̀mú ni ó sì fi rọra gba ọmọ náà. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo mọ ohun tí àṣìṣe nọ́ńbà kan lè bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn, ẹ̀mí ni.

Èyí kò sọ pé iṣẹ́ abẹ ni ó kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fara mọ́ ọn pé kí a máa ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí pé ọmọ kò pé ọjọ́ nìkan. Iye ọ̀sẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n tún ń wò kí wọ́n tó fún ìyá ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún, ẹ tètè lọ ṣe sikáànù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn sínú káàdì, kí ọkọ àti ìyá ọkọ náà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ohun èlò gba ọmọ, ẹ bèèrè èwo ni, àti pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín sí oníṣègùn. Èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn ti ń bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó ya ẹnu.