Erin Ń Bẹ Nítòsí Wa

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pé níbo ni erin wà. Ọgbà ẹranko ni wọ́n ní! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́nà Ọ̀rẹ̀, Igbó Omo wà níbẹ̀, igbó ọba láti ọdún 1925, erin sì ń bẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Ní 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dá sí. Lójú agégi, pákó lásán ni. Àgbẹ̀ tó ń dá oko kòkó níbẹ̀ ní òun náà ní ọmọ láti bọ́. N kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n oko tó bá wọ inú igbó, erin yóò wọ̀ ọ́. Ohun kan dùn mọ́ mi: nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà lónìí, ọdẹ ni àwọn mìíràn tẹ́lẹ̀. Ta ni ì bá mọ ipa ẹsẹ̀ erin jù wọ́n lọ?