Ilé Stowe: Ààfin Ìjòyè tí ó Di Ilé-Ìwé

Ẹni tí ó bá ti ìlú Buckingham lọ sí Stowe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tààrà kan ni yóò tọ̀, tí igi tò sí lọ́tùn-ún àti lósì. Ní òpin rẹ̀ ni ẹnubodè òkúta gíga kan wà, tí a ti ń rí ààfin náà lókèèrè. Kété tí a rí i, ọ̀nà yà, ilé sì pamọ́. Ẹni tí ó la ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti í fi nǹkan han àlejò!

Ìdílé Temple àti Grenville ni ó ni ín, ayé àwọn Ọba George sì ni ẹwà rẹ̀ pé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbọ̀ngán mábù rẹ̀, tí a parí ní 1788, ni ó wù wá jù. Ó rí bí ẹyin. Ọ̀wọ̀n 16 yí i ká, ère ènìyàn bí 300 sì tò sókè wọn. Láti orí òrùlé ribiti ni ìmọ́lẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀wọ̀n náà má tàn yín: ìrẹ́lé tí a pò, tí a sì dán títí ó fi jọ mábù ni wọ́n.

A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́: nípa ìgbéyàwó kan ní 1796 ni oko ìrèké Hope ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣẹrú, fi bọ́ sọ́wọ́ ìdílé yìí. Síbẹ̀ gbèsè borí wọn. Ní 1848, ọjọ́ 40 ni wọ́n fi lu ẹrù ilé náà ní gbàǹjo. Nǹkan bí £75,000 ni wọ́n rí. Gbèsè wọn sì ju £1,000,000 lọ.

Wọ́n ta ilé náà fúnra rẹ̀ ní 1921, ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé a ó wó o. Lójú tiwa, ilé-ìwé ni ó yọ ọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, 1923, ọmọkùnrin 99 wọlé síbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá wọn, J. F. Roxburgh, ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ mọ ẹwà bí ó ti mọ ìwé.

Ilé-ìwé náà kò ṣàì ṣe ibẹ̀ léṣe. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn wọn, tí a ṣí ní 1929, ọ̀wọ̀n 16 ni wọ́n yọ lára ilé àtijọ́ kan nínú ọgbà. Tẹ́ḿpìlì Ìrẹ́pọ̀ àti Ìṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀. Ìrẹ́pọ̀ wo ni ó kù níbẹ̀? Àwọn ọdún 1990 ni a tó gbé ọ̀wọ̀n tuntun sí ipò wọn. Nínú ààfin, yàrá oúnjẹ àwọn ìjòyè ni tọkùnrin-tobìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun lónìí.