São Tomé àti Príncipe: Oṣù Wo Ló Yẹ Kí Ìdílé Lọ?

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ìdílé fẹ́ rí ló yẹ kó pinnu oṣù tí wọn yóò lọ sí erékùṣù méjèèjì yìí, tó wà lójú òkun ní ìwọ̀ oòrùn Gàbọ́ọ̀nù.

Láti oṣù kẹfà títí dé nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ni ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gravana. Ìparí oṣù karùn-ún àti ìparí oṣù kẹsàn-án ni ìgbà àárín: èrò kì í pọ̀, òjò kò sì tíì le jù.

Ẹni tó fẹ́ fi àbùùbùtán han àwọn ọmọ, kó mú ìparí oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin jù. Owó ọkọ̀ tó dínkù kò lè mú wọn wá ṣáájú.

Kí wọ́n fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láàárín Príncipe àti ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé wọn padà sílé. Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn ní Príncipe. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Arthur Eddington ti lò ju oṣù kan lọ níbẹ̀ kó lè ya fọ́tò rẹ̀. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ìkùukùu sì bojú ọ̀run. Fọ́tò díẹ̀ péré ló wúlò. Ọjọ́ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ kì í ṣe òfò.