Mo Ra Ẹ̀rọ, Ṣùgbọ́n N Kò Wọn Kànga

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ kànga ni. Ìtìjú mi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n egbò tí a bá ń bò mọ́lẹ̀ kì í tètè jinná. Púpọ̀ nínú yín ló ní kànga lẹ́yìnkùlé, ọ̀pọ̀ ló sì ń kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi rẹ̀. Kí ẹ tó ná owó náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Ní ọdún 2006 ni a kọ́ ilé wa sí ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn. Omi ìjọba kò dé ibẹ̀, nítorí náà kànga ni a kọ́kọ́ gbẹ́ kí a tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Bàbá àgbàlagbà kan ni ó bá wa gbẹ́ ẹ. Kànga náà jìn ní 40 ẹsẹ̀ bàtà, inú rẹ̀ sì fẹ̀ ní 3 ẹsẹ̀ bàtà. Ọdún 12 ni a fi okùn àti garawa fa omi níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé, a kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tán, tí ó ku èmi àti ìyàwó mi, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá a níbi tí ó jókòó sí etí kànga, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, garawa ṣì wà nísàlẹ̀, kò lè fà á sókè.

Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi owó àjọ mi ra súmò."

Súmò ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ tí a máa ń rì sínú omi kànga. Ẹ̀rọ tí a ń gbé sórí ilẹ̀, ńṣe ni ó ń fa omi bí ọmọdé ti ń fi sítírọ̀ fa ohun mímu, kò sì lè fa omi tí ó bá jìn ju nǹkan bí 25 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ṣùgbọ́n súmò wà nínú omi fúnra rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń ti omi gòkè. Nítorí náà òun ni ó yẹ kànga jíjìn bí tiwa. Ohun kan wà tí n kò kà sí nígbà náà: omi tí ó yí ẹ̀rọ yìí ká ni ó ń mú un tutù. Bí omi bá tán lára rẹ̀ tí iná sì wà nínú rẹ̀, yóò máa gbóná títí yóò fi jó.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni mo lọ sí ọjà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún mi bi mí pé, "Pásítọ̀, omi inú kànga yín tó báwo?" Mo dá a lóhùn pé, "Omi kún inú rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú mi. Mo ra súmò họ́ọ̀sì 1, mo ra táǹkì 1000 lítà, mo sì gbé e sórí òpó irin tí ó ga ní 15 ẹsẹ̀ bàtà.

Oníṣẹ́ tí ó wá gbé e sínú kànga mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó so okùn ọ̀rá líle mọ́ etí ẹ̀rọ náà, ó de wáyà iná mọ́ ara páìpù, ó sì rọra sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà kọ́ kí ẹnu tí ó fi ń gba omi lè fi 3 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ìsàlẹ̀ lọ, kí ó má baà máa fa ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé ó ku ohun kan, bọ́ọ̀lù kan tí ń léfòó nínú kànga, tí yóò máa pa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí omi bá lọ sílẹ̀ jù. Mo bèèrè iye rẹ̀. Owó àjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ní kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Nígbà tí a tan iná, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú omi ti ń dà sílẹ̀ láti orí táǹkì. Ìyàwó mi jó. Èmi náà jó. A fi kọnkéré dé ẹnu kànga, a sì fi ìlẹ̀kùn irin kékeré sí i fún àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ṣì ń fi garawa fà á. Nígbà tí ó yá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù nínú wọn, ìyá alákàrà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Opó ni. Ní ìdájí, kí aago márùn-ún tó lù, yóò fa garawa 2, yóò sì ké sí wa láti ìta pé, "Pásítọ̀ wa, ẹ kú ìdájí o."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejì ọdún 2019, mo tan súmò, mo sì wọlé lọ láti múra ìwàásù ọjọ́ kejì sílẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ o: Lúùkù orí kẹrìnlá ni mo fẹ́ wàásù lé lórí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Mo kọ ọ́ dé ojú ìwé kẹta kí n tó rántí ẹ̀rọ. Wákàtí kan ti kọjá. Omi kò dà sílẹ̀ láti orí táǹkì. Mo sáré jáde, mo gbọ́ ìró kan tí ń kùn nínú kànga, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Nígbà tí a fa súmò náà sókè, kọ́ìlì inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú.

Ibi tí ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. N kò bèèrè ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ṣe é ni mo ń wá. Oṣù márùn-ún péré ni a fi lò ó. Mo bi ara mi pé, ta ni ó ń dé ibi kànga yìí kí ilẹ̀ tó mọ́? Ọkàn mi sì dá mi lóhùn. Mo ra àgádágodo, mo fi ti ìlẹ̀kùn irin náà. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo ti wàásù tán nípa ẹni tí kò jókòó ṣírò, mo gbé àdúrà kalẹ̀ lórí gbogbo ọwọ́ tí ń mú kí kànga ọmọ Ọlọ́run gbẹ. Ìjọ dáhùn pé "Àmín" tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Mo wo ibi tí ìyàwó mi jókòó. Ẹnu rẹ̀ kò mì.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé mo wà lórí ìdùbúlẹ̀ mi. Mo gbọ́ nígbà tí ẹnì kan mi ìlẹ̀kùn irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró sálúbàtà tí ń padà lọ. Kò ké sí wa láti ìta lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá náà fi ra omi lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń fi ọmọlanke ta omi, nínú èrè àkàrà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá ìyàwó mi sọ fún mi pé, "Dádì, kí a tó lọ yá owó ra òmíràn, ẹ jẹ́ ká pe Bàbá tó gbẹ́ kànga yìí."

Bàbá dé. Okùn kan àti òkúta kan ni ó mú wá. Kò wo ẹ̀rọ tí ó jó. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú kànga títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó fà á sókè, ó sì wọn ibi tí ó tutù lára okùn náà. Ẹsẹ̀ bàtà 7 ni.

Ó bi mí pé, "Pásítọ̀, ibo ni ẹnu ẹ̀rọ yín wà?"

Mo ní, "Bàbá, 3 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi gbé e kúrò nísàlẹ̀."

"Á jẹ́ pé omi ẹsẹ̀ bàtà 4 ni ẹ ní tí ẹ̀rọ lè fà. Kànga tó fẹ̀ tó báyìí, garawa 10 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Lítà 200 nìyẹn. Mélòó ni ti ẹsẹ̀ bàtà 4?"

Mo ní, "800."

"Táǹkì yín ńkọ́?"

N kò lè dáhùn. Bàbá náà kò dúró de ìdáhùn. Ó ní, "Omi ń sun nínú kànga lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń sun. Ẹ̀rọ yín ń yára jù ú lọ. Nígbà tí ó fa 800 tán, kí ló kù tó ń fà?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá."

Ó ní, "Orí àpáta ni omi ìlú yìí jókòó lé. Òjò ló ń bù kún un, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bù ú kúrò. Ẹni tó wo kànga ní oṣù Kẹsàn-án, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni kànga máa ń sọ òtítọ́." Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí àgádágodo náà. "Ta la tì mọ́ta?"

Ìyàwó mi ni ó dáhùn. Bàbá ṣírò rẹ̀ lójú wa: garawa 2, lítà 40. Kò lè mú kí omi kànga náà fi íǹṣì 3 lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo sì ti wàásù lórí àga ìwàásù fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n okùn àti òkúta ni Ọlọ́run fi bá mi wí lọ́jọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ mo sọdá títì lọ sí ilé ìyá alákàrà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rò sí i àti ìdí tí mo fi ti kànga. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pásítọ̀, mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ yín ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú ọjọ́ tí mo ṣẹ̀ yín. N kò rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò nínú mi títí di òní. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ìjọ, mo sì sọ fún wọn pé àdúrà tí mo gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi gan-an ni ó yẹ kí a gbà á fún. Ìyàwó mi ṣe Àmín lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún náà Bàbá mú ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n gbẹ́ 3 ẹsẹ̀ bàtà sí i, títí wọ́n fi kan àpáta. Omi tí ó ń dúró nínú kànga ní ẹ̀ẹ̀rùn di ẹsẹ̀ bàtà 10. Lẹ́yìn náà ni a ra súmò kékeré, ìlàjì họ́ọ̀sì, a sì fi bọ́ọ̀lù náà sí i. Nísinsìnyí a ń fa ìdajì táǹkì ní òwúrọ̀, ìdajì ní ìrọ̀lẹ́, kí omi lè rí àyè sun.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ ra tirẹ̀.

Èkíní, ẹ fi okùn àti òkúta wọn kànga yín nínú ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó lọ sí ọjà. Bí ó bá fẹ̀ ní 3 ẹsẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ bàtà omi kan jẹ́ nǹkan bí 200 lítà. Bí ó bá fẹ̀ ní 4, ó jẹ́ nǹkan bí 350. Ẹ yọ èyí tí ó wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kúrò, nítorí kì í ṣe tiyín.

Èkejì, ẹ má ṣe fi bọ́ọ̀lù tí ń pa ẹ̀rọ sílẹ̀ nítorí owó. Iye tí mo fi pamọ́ lórí rẹ̀ kéré, odidi ẹ̀rọ ni mo fi san án.

Ẹ̀kẹta, okùn ni kí ó gbé ẹ̀rọ, kì í ṣe wáyà iná. Ẹ má fi wáyà fà á sókè láéláé. Ẹ sì pa iná pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó fi garawa tàbí ọwọ́ kan omi kànga náà.

Ẹ̀kẹrin, bí jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ó fi tan án, ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yìí máa ń gba iná ní ìlọ́po mélòó kan ju ohun tí ó ń gbà nígbà tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tí ó kéré jù kò lè gbé e. Bí ẹnì kan bá sì wà nínú kànga, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ elépo kankan wọ inú rẹ̀ tàbí kí ó wà nítòsí ẹnu rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìpariwo.

Ẹ̀karùn-ún, bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó ṣe é kí ẹ tó bèèrè ẹni tí ó ṣe é. Ọ̀tá wà, n kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dá omi. Ohun tí ó bá wà nílẹ̀ ni ó ń gbé gòkè. Ẹni tí kò bá wọn tirẹ̀, yóò máa fura sí garawa aládùúgbò rẹ̀.

A ti yọ páìpù kan láti ara táǹkì wá sí ìta ọgbà wa, a sì fi ẹ̀rọ omi sí ẹnu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá. Ìyá alákàrà kò fa okùn mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, kí aago márùn-ún tó lù, bí omi bá ti ń dà sínú garawa rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta pé, "Pásítọ̀ wa, ẹ kú ìdájí o." Mo sì ń dá a lóhùn.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti jókòó ṣírò. Àmín.