Lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù: Ìgbàgbọ́ Ojoojúmọ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní ìgbàgbọ́ ẹni tó bá dé ìlú òyìnbó kì í pẹ́ tutù, àfi tó bá ń rí ìsọjí ńlá àti àìsùn lọ déédéé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nílé, ìlú ló ń gbé ìgbàgbọ́ èèyàn ró: agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, aládùúgbò ń kọrin ní ìdájí, bí a kò bá sì yọjú lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnìkan á béèrè wa. Níbí, ta ni yóò béèrè? Iṣẹ́ alẹ́ kò mọ ọjọ́ Àìkú. Oòrùn pàápàá kò ṣeé gbára lé: nínú oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ó ti wọ̀, nínú oṣù Kẹfà, ó ń ràn kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ibi tí ẹ wá parí ọ̀rọ̀ sí ni n kò bá yín dé. Ẹrù tí ìlú kò bá èèyàn rù mọ́, àṣà kékeré ojoojúmọ́ ló lè rù ú: orí Bíbélì kan àti àdúrà ráńpẹ́, kí ọjọ́ kan má sì kọjá láìṣe é.

Ẹ wo Dáníẹ́lì, tí òun náà wà nílẹ̀ àjèjì, tí iṣẹ́ ọba sì kún ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló ń kúnlẹ̀, orí kẹfà ìwé rẹ̀ sì sọ pé bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí ni. Òfin ọba tó ka àdúrà léèwọ̀ bá àdúrà rẹ̀ nílẹ̀ ni. Nígbà tí Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ń ṣètò Ìwé Àdúrà 1549, ó kó ọ̀pọ̀ wákàtí àdúrà àwọn mọ́ńkì jọ sí méjì, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, torí ohun tí alágbàṣe kò lè ṣe kò lè di àṣà rẹ̀. Ẹ ó ní ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ńkọ́, ní 1930, lọ́wọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá? Mo gbà pé ó mi ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1918 ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti ń péjọ gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tó pa èèyàn púpọ̀. Àwọn tó jogún àdúrà wọn ló gba Babalọlá mọ́ra kí Òkè-Oòyè tó gbiná. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ìsọjí, ọdún méjìlá yẹn kì í sábà sí nínú ìtàn tí ẹ ń sọ.

Àwọn kan á ní àdúrà ojoojúmọ́ a máa di àkàsórí, àti pé Olúwa fúnra rẹ̀ lòdì sí àtúnwí asán. Ó lòdì sí i lóòótọ́, nínú Mátíù orí kẹfà. Àmọ́ nínú orí kan náà, kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn tó fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Àdúrà Olúwa, tí gbogbo wa mọ̀ sórí. Asán ni àìfọkànsí, ó sì lè bá àdúrà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà. Ti àìráyè ni n kò ní jiyàn lé lórí. Ẹni tó tibi iṣẹ́ alẹ́ dé kò ní jí ní aago márùn-ún. Kó gba tirẹ̀ kó tó sùn.

Èyí tó le jù ni pé àṣà tí ẹnìkan ṣoṣo ń dá ṣe lè kú láìsí ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àdúrà ìdílé sàn ju ti oníkálukú lọ fún wa níbí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù lè má gbọ́ Yorùbá níbòmíràn rárá, àyàfi nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń kà nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884. Èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ra Bíbélì Yorùbá méjì, kí lẹ́tà wọn tóbi, kí ẹ sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀.

Èmi àbúrò yín ni.